Àtíbàbà Ọkọ̀ Tí Ìjì Kò Ní Gbé Lọ

Ojú ìwé ìtọ́jú ilé ni a tún ṣí fún yín yìí. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lẹ́ẹ̀kan yìí lè kéré lójú ẹni tí ó bá ń wò ó láti òkèèrè, ṣùgbọ́n owó ńlá lè bá a lọ, ẹ̀mí pàápàá lè bá a lọ. Ó dá lórí àtíbàbà tí a ń fi páìpù onírin àti aṣọ tapólì ṣe láti fi bo ọkọ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Dei-Dei, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ láti Zuba sí Kubwa ní agbègbè olú-ìlú wa Abuja, yóò mọ̀ pé ọjà ni a fi mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń kọ́lé ti ń ra pákó, irin, páìpù, sìmẹ́ńtì àti páànù. Ibẹ̀ náà ni a ti ń ta màlúù. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò tàbí tí ń gbé níbẹ̀ àti ní àyíká rẹ̀ kò kéré, ayálégbé sì ni púpọ̀ nínú wọn. Onílé kì í sábà gbà kí ayálégbé mọ gáràjì alábúlọ́ọ̀kù sínú ọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sinmi: ọ̀dà ara rẹ̀ a máa ṣá, rọ́bà etí fèrèsé a máa là, àga inú rẹ̀ a sì máa gbóná bí ààrò. Ìdí nìyí tí àtíbàbà aláṣọ fi wọ́pọ̀ nínú ọgbà ilé: ẹsẹ̀ páìpù mẹ́fà, páìpù mìíràn lókè, tapólì lórí wọn, okùn díẹ̀, iṣẹ́ parí.

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Ọyẹ́ yóò fẹ́, eruku yóò bò ó, yóò dúró síbẹ̀. Àfi ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin. Ojú ọ̀run yóò ṣú, ìjì yóò ṣíwájú òjò, kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì tó pé, ohun tí ó ti dúró fún oṣù mẹ́rin yóò ti wà lórí òrùlé aládùúgbò, tàbí kí ó ti wó lé ọkọ̀ tí a ní kí ó máa dáàbò bò. Bí páìpù rẹ̀ bá bá ọmọ ẹni kan lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti owó nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹsẹ̀ àtíbàbà ni agbára rẹ̀ wà, kò sí ní orí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń náwó sórí aṣọ tí ó nípọn, tí ó sì ń gbé ẹsẹ̀ páìpù lé ilẹ̀ lásán. Àwọn àgbà ti sọ pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kí ni ìjì ń ṣe sí àtíbàbà?

Púpọ̀ nínú wa rò pé ṣe ni ìjì ń ti nǹkan ṣubú. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ní ti ohun tí òrùlé rẹ̀ fúyẹ́, gbígbé burú ju títì lọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wọ abẹ́ aṣọ, yóò máa tì í sókè. Afẹ́fẹ́ tí ń sáré kọjá lórí aṣọ náà yóò sì máa fà á sókè pẹ̀lú. Ti ìsàlẹ̀ ń tì, ti òkè ń fà. Ohun kan náà ni ó ń mú kí agboòrùn yí padà mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ lójijì.

Ohun kejì ni pé agbára ìjì kì í bá eré rẹ̀ pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára yóò di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí a fi àtíbàbà kan ṣe àpẹẹrẹ, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 6, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 3. Bí a bá ka gbogbo agbára afẹ́fẹ́ sí orí òrùlé náà, afẹ́fẹ́ tí ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan yóò fi agbára tí ó tó nǹkan bí kìlógíráàmù 110 gbé e. Bí eré náà bá di kìlómítà 72, yóò di nǹkan bí kìlógíráàmù 450. Bí ó bá di kìlómítà 108, yóò lé ní kìlógíráàmù 1,000, èyí tí ó tó ìwọ̀n ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan. Bẹ́ẹ̀, àtíbàbà yìí kan náà, ọkùnrin mẹ́rin lè gbé e láti igun ọgbà kan dé èkejì. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí ó fi ń fò?

Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan kí ẹ tó mọ eré ìjì. Ní ọdún 1805, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Francis Beaufort ṣètò òṣùwọ̀n kan fún afẹ́fẹ́ ojú òkun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a fi àwọn àmì orí ilẹ̀ kún un. Bí ẹ̀ka igi ńlá bá ń mì, tí ó sì ṣòro láti di agboòrùn mú, afẹ́fẹ́ náà ti wọ nǹkan bí kìlómítà 39 sí 49 ní wákàtí kan. Bí gbogbo igi bá ń mì láti ìdí, tí rírìn lòdì sí afẹ́fẹ́ sì di ìṣòro, ó ti wọ 50 sí 61. Bí ẹ̀ka kéékèèké bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kúrò lára igi, ó ti wọ 62 sí 74. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí i tí igi máńgòrò inú ọgbà ń já ẹ̀ka sílẹ̀, kí ẹ mọ̀ pé kìlógíráàmù 450 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti ń sún mọ́ àtíbàbà yín.

Ibi tí ìjì ti ń wá pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Adúláwọ̀ yìí, àwọn ìjì ńlá tí ń kó òjò àti àrá bọ̀ a máa rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tí ó bá ń kírun ní Abuja ti mọ ìhà náà dáadáa, nítorí ibi tí a ń kọjú sí níbẹ̀ jẹ́ ìlà-oòrùn tí ó yẹ̀ díẹ̀ sí àríwá. Bí ààyè bá gbà, ẹ jẹ́ kí ìbú àtíbàbà, tí ó jẹ́ mítà 3, kọjú sí ìhà yẹn, kí ó má ṣe jẹ́ gígùn rẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 6. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe gbọ́kàn lé èyí nìkan, nítorí afẹ́fẹ́ a máa ta kókó, a sì máa yí padà láàárín ilé sí ilé.

Ẹsẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ mójú tó

Ilẹ̀ pupa wọ́pọ̀ ní Abuja àti àyíká rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ yìí a máa le koko. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbẹ́ ẹ yóò làágùn. Bí a bá gbá èèkàn irin mọ́ ọn ní oṣù kìn-ín-ní, yóò dàbí ẹni pé kò ní tú mọ́ láéláé. Ẹ̀tàn ni. Nígbà tí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ilẹ̀ náà yóò rọ̀, omi yóò wọ ihò tí èèkàn wà, irin tí ọkùnrin méjì kò lè fà yọ nígbà ọyẹ́ yóò sì máa mì tìtì bí a bá fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ìgbà tí ilẹ̀ bá tutù ni kí ẹ dán èèkàn wò. Bí òjò kò bá tíì rọ̀, ẹ da korobá omi méjì sí ìdí rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó fà á. Ohun tí ẹ bá rí nígbà náà ni òtítọ́.

Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a fi kọnkéré ri ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí gígùn àti ìbú ojú ihò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, kí ó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60. Kọnkéré tí ó bá kún irú ihò bẹ́ẹ̀ yóò wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 230. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò jẹ́ nǹkan bí 1,380. Ẹ fi èyí wé kìlógíráàmù 450 tí ìjì yóò fi gbé òrùlé. Ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Ìdí tí a fi ń fẹ́ kí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ìjì kì í pín agbára rẹ̀ dọ́gba. Ẹsẹ̀ tí ó bá kọjú sí i ni ó máa ń jẹ ìyà jù. Bí a bá po ìwọ̀n sìmẹ́ńtì 1 mọ́ iyanrìn 2 àti òkúta wẹ́wẹ́ 4, nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì 4 yóò tó fún ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kí ẹ máa bu omi wọ́n ọn fún ọjọ́ 7, kí ó má bàa là, kí ẹ má sì gbé aṣọ lé e lórí kí ọjọ́ náà tó pé.

Ayálégbé yóò béèrè pé: bí mo bá ń kó lọ ńkọ́? Ìdáhùn wà. Ẹ má ṣe ri ẹsẹ̀ gan-an mọ́lẹ̀. Páìpù kúkúrú kan, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ẹsẹ̀ àtíbàbà lọ, ni kí ẹ rì sínú kọnkéré. Kí wẹ́dà jó irin rọ́ọ̀dù kékeré kan mọ́ ọn ní ìdábùú nísàlẹ̀, kí ó má bàa fà yọ. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí òkúta wẹ́wẹ́, kí omi tí ó bá wọ inú rẹ̀ lè máa rí ọ̀nà lọ. Ẹsẹ̀ àtíbàbà yóò wọ inú páìpù yìí, bóòtù kan yóò sì la àwọn méjèèjì já. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó lọ, ẹ tú bóòtù mẹ́fà, ẹ gbé àtíbàbà yín, ẹ bo ihò, ọgbà onílé kò sì bàjẹ́.

Bí onílé bá ní òun kò fẹ́ ihò rárá, tàbí bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ olókùúta ni, a ó lo ẹrù wíwúwo. Rọ́bà ọ̀dà tí ó ń gba lítà 20, bí a bá po kọnkéré kún un, yóò wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 48. Bí a bá dè méjì mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó lé ní 95. Bí kìlógíráàmù 450 bá pín sí ẹsẹ̀ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba 75. Rọ́bà méjì ti borí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò borí rẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tún fi okùn àti èèkàn kún un. Àpò sìmẹ́ńtì tí a kó iyanrìn kún pẹ̀lú a máa tó nǹkan bí kìlógíráàmù 50, ṣùgbọ́n oòrùn a máa jẹ àpò náà, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi oní-lítà 25 kò ju kìlógíráàmù 25 lọ. Àwọn tí wọ́n so kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ àtíbàbà wọn, kí wọ́n tún ìṣirò wọn ṣe.

Ní ti okùn, ẹ má ṣe fà á bọ̀ sílẹ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Kí ó gba ẹ̀gbẹ́ jáde, kí ibi tí ó ti kan ilẹ̀ jìnnà sí ẹsẹ̀ páìpù tó bí ibi tí a ti so ó lókè ṣe ga tó. Èèkàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrú ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, kí orí rẹ̀ sì dà sẹ́yìn, kí ó má ṣe dà sí ìhà àtíbàbà. Ẹ so aṣọ funfun mọ́ okùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó bá ń jáde lọ kí ìrun Súbúhì nínú òkùnkùn má bàa fẹsẹ̀ kọ́ ọ.

Egungun rẹ̀

Ẹ mú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, kí ẹ fi ìṣó kan ṣoṣo kàn wọ́n pọ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, kí ó dàbí férémù fèrèsé. Ẹ tì í ní ẹ̀gbẹ́: yóò wọ́, yóò dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nísinsìnyí, ẹ kan pákó karùn-ún mọ́ ọn láti igun dé igun, kí ẹ tún tì í. Kò ní mì mọ́. Ìdí ni pé ohun oníga mẹ́rin lè yí ìrísí rẹ̀ padà láìjẹ́ pé igi rẹ̀ kankan ṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun oníga mẹ́ta kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo káfíńtà tí ń kan òrùlé ni ó mọ èyí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àtíbàbà ni kò ní irin ìdábùú kan ṣoṣo láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ní kí wẹ́dà fi páìpù tàbí irin rọ́ọ̀dù so igun mọ́ igun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ní ẹ̀yìn. Iwájú ni ọkọ̀ yóò gbà wọlé, nítorí náà, irin kúkúrú tí ó gba igun òkè kọjá ní apá ọ̀tún àti òsì ni kí a lò níbẹ̀. Níbi tí páìpù ti wọ inú páìpù mìíràn, kí ẹ má ṣe gbọ́kàn lé ìfúnpọ̀ nìkan. Ẹ lu ihò, kí ẹ fi bóòtù há a. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ fi ọ̀dà tí ń lé ìpẹtà kun ojú ibi tí a jó irin, nítorí ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibòmíràn tí ìpẹtà fẹ́ràn ni ibi tí páìpù ti kan ilẹ̀. Kí ẹ jẹ́ kí kọnkéré yọ sókè díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, kí ojú rẹ̀ sì dà sẹ́yìn, kí omi má bàa dúró síbẹ̀.

Aṣọ rẹ̀

Lẹ́yìn ìjì ni òjò, òjò sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí òjò tí ó tó mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí àtíbàbà tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, omi tí yóò bọ́ sórí rẹ̀ jẹ́ lítà 900. Bí òrùlé bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi yóò wá ibi tí aṣọ ti rọ̀, yóò sì dúró síbẹ̀. Adágún omi tí ó fẹ̀ ní mítà kan sí mítà kan, tí ó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré, kìlógíráàmù 100 ni. Bí ó ti ń wúwo ni aṣọ ń rọ̀ sí i, bí aṣọ ti ń rọ̀ ni omi ń pọ̀ sí i, títí páìpù yóò fi tẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni pé kí àárín òrùlé ga ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 50, kí páìpù ìtìlẹ́yìn sì pọ̀ lábẹ́ aṣọ, kí àyè tí ó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì má ṣe ju mítà kan lọ.

Ohun tí a fi ń so aṣọ mọ́ páìpù ni ọ̀pọ̀ kì í rò. Bí a bá fi okùn líle so ó, gbogbo ìgbà tí ìjì bá fà á ni yóò máa já aṣọ níbi ihò tí a fi irin yí etí rẹ̀ ká. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń lẹ táyà, kí ẹ ra tíúbù àtijọ́, kí ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Rọ́bà yìí a máa nà, a sì máa padà; yóò gba ìfà ìjì dípò aṣọ. Bí ìjì bá sì wá ju bí ó ti yẹ lọ, rọ́bà ni yóò kọ́kọ́ já, aṣọ yóò tú, egungun àtíbàbà yóò sì dúró. Ó sàn kí a ra rọ́bà tuntun ju kí a wá páìpù lọ sí ọgbà ẹlòmíràn.

Oòrùn náà jẹ́ ọ̀tá. Tapólì oníke àti okùn oníke tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ti pa fún ọdún kan tàbí méjì yóò ti rẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹ fi èékánná ha á. Bí ó bá ń bó bí ìyẹ̀fun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí oṣù kẹta tó dé. Níbi tí ẹnu páìpù bá ti kan aṣọ, ẹ fi àkísà tàbí awẹ́ bàtà sílípáàsì àtijọ́ bò ó, kí ó má bàa gún un. Ní ti àwọn tí wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n mọ̀ pé àpò ni wọ́n rán fún ìjì yẹn. Ẹ̀gbẹ́ tí a ṣí sílẹ̀ a máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Bí ẹ kò bá lè ṣe aláìfi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́, ẹ ṣe é kí ó ṣeé ká sókè ní ìṣẹ́jú kan.

Mímọ ìgbà tí ó yẹ kí a tú u

Kò sí àtíbàbà aláṣọ tí a ṣe fún gbogbo ìjì. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ọjọ́ Jímọ̀, ìjì tí ó bá òjò wá wó ẹ̀rọ kréènì ńlá kan lulẹ̀ ní Mọ́sálásí Ńlá ti ìlú Mẹ́kà, àwọn tí wọ́n sì kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí ìjọba níbẹ̀ fi hàn pé apá gígùn ẹ̀rọ náà yẹ kí ó ti wà ní ìsàlẹ̀ nígbà tí a kò lò ó. Bí irin tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá ní ìgbà tí ó yẹ kí a sọ ọ́ kalẹ̀, kí ni a ó sọ nípa aṣọ tapólì?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí aṣọ àtíbàbà yín ṣeé tú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí àgbàlagbà méjì nínú ilé sì mọ bí a ti ń ṣe é. Àjọ NiMet, tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè wa láti ọdún 2003, a máa sọ àsọtẹ́lẹ̀ àkókò òjò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a sì máa ṣe ìkìlọ̀ nígbà tí ìjì bá ń bọ̀. Ẹ máa fetí sí i lórí rédíò. Ojú yín náà lè ṣèrànwọ́: bí ìlà-oòrùn bá dúdú, tí ooru mú gan-an lọ́sàn-án, tí afẹ́fẹ́ tútù kan sì wá fẹ́ lójijì tí ó ń gbé eruku, àkókò tí ó kù kò pọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ìjì ti dé tán, ẹ fi aṣọ náà sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dì mọ́ páìpù irin láti dá a dúró. Ìjì lágbára ju ènìyàn lọ, àrá sì lè wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ṣeé tún ṣe.

Ìmọ̀ràn yìí kan náà kan àwọn kánópì tí a ń yá fún wòlímọ́tì àti ìsọmọlórúkọ, àti èyí tí a ń ta síta mọ́sálásí fún àwọn tí inú ilé kò gbà lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn ọdún kan wà tí àwẹ̀ Ramadan bọ́ sí ìgbà òjò àkọ́rọ̀. Ní ọdún 2023, ọjọ́ 23 oṣù kẹta ni ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Níbi tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá jókòó sí, kí ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wo ojú ọ̀run àti láti máa wo ẹsẹ̀ kánópì.

Iná àti èéfín

Bí àtíbàbà bá ti dúró dáadáa, ó máa ń wu ènìyàn láti lò ó fún nǹkan mìíràn. Ìyàwó ilé á gbé ààrò síbẹ̀ nígbà òjò, baálé á gbé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀. Ẹ má ṣe é. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1997, iná ràn ní àgọ́ àwọn arìnrìn-àjò Hájì ní Mínà, afẹ́fẹ́ gbé e láti àgọ́ kan sí òmíràn, ènìyàn 343 sì kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Saudi fi àgọ́ tí iná kì í tètè ràn rọ́pò àwọn tí ó wà níbẹ̀. Tapólì ọjà kì í ṣe irú aṣọ bẹ́ẹ̀; bí ó bá jó, ṣe ni ó ń yọ́, tí ó sì ń kán sílẹ̀ bí epo gbígbóná. Epo bẹntiróòlù wà nínú ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú, tí a bá fi aṣọ ká a mọ́, a máa gba ojú fèrèsé wọ yàrá tí àwọn ọmọ sùn sí, a sì máa pa ènìyàn láìní òórùn tí yóò jí i.

Fún àwọn ẹbí wa ní ìlú òtútù

Ìwé wa yìí a máa dé ọwọ́ àwọn ọmọ àti àbúrò wa tí wọ́n wà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Àwọn náà ń ra gáràjì aláṣọ, yìnyín sì ni ti wọn. Yìnyín tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀, tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, lè wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 30 lórí mítà kan sí mítà kan. Lórí òrùlé tí ó tó tiwa yìí, ó ti lé ní 500, èyí tí omi bá sì ti wọ̀ yóò wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìlànà kan náà ni: kí òrùlé dà dáadáa kí yìnyín lè máa yọ̀ bọ́, kí páìpù ìtìlẹ́yìn pọ̀ lábẹ́ aṣọ, kí ẹsẹ̀ wọ ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó dì. Kí wọ́n máa fi ìgbálẹ̀ rírọ̀ gbá a kúrò kí ó tó pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ti wúwo.

Bí owó kò bá tó

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó gbogbo rẹ̀, kí ó tò ó báyìí: kí ó kọ́kọ́ ṣe ẹsẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ irin ìdábùú, lẹ́yìn rẹ̀ rọ́bà tíúbù, kí aṣọ tuntun sì ṣe ìkẹyìn. Bí a bá yí i padà, tí a ra aṣọ tí ó nípọn láìṣe ẹsẹ̀, ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ni a rà. Kí ẹ tó gbẹ́ ihò, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí aládùúgbò mọ̀, nítorí ọgbà rẹ̀ ni ìjì yóò kọ́kọ́ gbé e dé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Kí àtíbàbà náà wà nínú ọgbà, kí ó má ṣe wà lórí gọ́tà tàbí létí títì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti lè wá wó o.

Ọ̀nà kan wà láti mọ ibi tí ẹ dúró. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wọ́n omi sí ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní alẹ́. Ní òwúrọ̀, kí àgbàlagbà méjì di ẹsẹ̀ kan mú, kí wọ́n gbé e sókè pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Bí ó bá kúrò nílẹ̀, ìjì kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọjà tí a ti ń ra sìmẹ́ńtì àti irin kò jìnnà sí ará Dei-Dei. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé ni kí ẹ lọ.